Tún Kí Ni Ṣe?

Ìpolówó kan rèé. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó ni ọjà fi kọ ọ́, èmi ni mo sọ ọ́ di Yorùbá:

“MGB aláìlórùlé, ọdún 1967. A ti tún un ṣe látòkèdélẹ̀. Bọ́ńpà onírin dídán, rímù onísípóòkù, overdrive. Wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n sì tún un tò. Kò bẹ̀rù epo tí kò ní òjé. Tapólì tuntun, awọ ìjókòó tuntun. Wọ́n ha ọ̀dà àtijọ́ dé ara irin kí wọ́n tó kùn ún ní pupa. Ibi tó bá dé ni wọ́n ti ń wò ó. Kò wù mí kí n tà á. £14,500.”

Màmá kan tó ń ka ojú ewé yìí láti Sabon Gari ní Kano ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ wọn ọkùnrin wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Owó tí tọkọtaya yìí ti ń tọ́jú láti fi ṣe àsansílẹ̀ ilé ni ọmọ náà fẹ́ yọ nínú rẹ̀ kó fi ra ọkọ̀ yìí. Bàbá ti sọ tiwọn, wọ́n ní wèrè ni. Màmá kò tíì sọ tiwọn. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ bá àwọn sọ ohun tí ìpolówó náà ń wí, “ṣebí ìwọ lo kàwé nípa èdè.” Àwọn òǹkàwé ojú ewé yìí ti bẹ̀ mí níṣẹ́ ògbufọ̀ lóríṣiríṣi, láti orí ìwé ilé ẹjọ́ dé ara ìgò òògùn, ṣùgbọ́n èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa ní kí n bá òun túmọ̀ ọkọ̀. Wọ́n ti yọ̀ǹda kí n kọ ọ́ síbí, bí n kò bá ti dárúkọ ẹnì kankan.

Èmi rò pé overdrive ló máa yọ mí lẹ́nu. Kò yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, ẹ̀yìn jíà ló máa ń wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ bíi jíà karùn-ún fún ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa pariwo jù lójú títì márosẹ̀. Ohun tó dá mi dúró ni gbólóhùn tó rọrùn jù lọ nínú gbogbo rẹ̀: “A ti tún un ṣe.”

Ẹ wò ó. Tí nǹkan bá wà tí à ń tún ṣe, tún àti ṣe kì í dúró papọ̀ nínú èdè wa. Wọ́n á yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nǹkan náà á sì wọ àárín wọn: tún ilé ṣe, tún bàtà ṣe, tún orí ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni bà jẹ́: ba aṣọ jẹ́, ba ọmọ jẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni wọ́n ń pè é ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń fi ojú kékeré wò ó títí ìdánwò fi máa dé. Ọmọ tó bá wọlé tó ní “Mo ti tún ṣe”, ìyá rẹ̀ á dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé, “Tún kí ni ṣe?” Àárín ọ̀rọ̀ náà ṣófo, etí wa kò sì gba òfo yẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, bí a bá ní “àtúnṣe”, àárín ti pa dé nìyẹn, kò sẹ́ni tó tún máa bèèrè nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ sára ọkọ̀ àtijọ́ ṣe rí. Ẹnu rẹ̀ ti pa dé. Ó lè túmọ̀ sí pé wọ́n tún ọkọ̀ náà kùn, ó lè jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n tú u palẹ̀ pátápátá, ìdè kan kò ṣẹ́ kù lórí èkejì, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó padà. Iye owó tó wà láàárín àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta yìí tó ohun tí ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé.

Kì í ṣe ìlú òyìnbó nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn dílà tiwa náà ní èdè wọn. Wọ́n á ní “fọ́ọ̀sì bọ́dì” ni, ìyẹn ni pé ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ kùn ún ló ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n á ní “ẹ kàn máa wà á lọ ni.” Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ rí mọ̀ pé ọ̀nà mẹkáníìkì ló sábà máa ń wà á lọ. Ní ti “kò wù mí kí n tà á”, ẹ dé ọjà Kúrmì tàbí Dùgbẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá aláṣọ kí ẹ tó jókòó.

Ẹ jẹ́ ká mọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ díẹ̀. M àti G dúró fún Morris Garages, ilé ìtajà ọkọ̀ tí William Morris dá sílẹ̀ ní ìlú Oxford. Cecil Kimber tó jẹ́ máníjà ibẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara ọkọ̀ tó fúyẹ́, tó sì wu ojú rí, ka orí ẹ̀rọ Morris. Nígbà tó di 1929 wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ sí Abingdon, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é títí di 1980 tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa. MGB jáde ní 1962. Tí a bá ka èyí tó ní òrùlé mọ́ èyí tí kò ní, ó lé ní 500,000 tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, Amẹ́ríkà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbà lọ. Àwọn MG tuntun tí àwọn ọmọ yín ń rí lójú títì báyìí, ilé-iṣẹ́ SAIC ti ilẹ̀ Ṣáínà ló ni orúkọ náà lónìí. Àmì onígun mẹ́jọ yẹn nìkan ló kù tó so wọ́n pọ̀ mọ́ Abingdon.

Ọkọ̀ kékeré ni. Pijó 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975, tó gbé ọ̀pọ̀ nínú yín lọ sílé ìwé, fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì gùn jù ú lọ. Ènìyàn méjì ló ń jókòó sínú rẹ̀, ìdí wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1798 cc, kò lágbára ju ti ọkọ̀ ilé lásán lọ, àmọ́ nítorí pé ọkọ̀ náà fúyẹ́ tí kò sì sí nǹkan lórí yín, eré díẹ̀ máa ń dà bí eré púpọ̀. Ẹni tó sọ ọkọ̀ ilé ní ayọ́kẹ́lẹ́, pé ó ń yọ́ rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò gbọ́ ohùn MGB rí. Èyí kì í yọ́ dé ibì kankan.

Wàyí o, àìlórùlé yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ bá mi mú páálí bàtà kan, kí ẹ fi ìderí dé e, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ wá di orí rẹ̀ méjèèjì mú kí ẹ gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́. Kò ní tẹ̀. Ẹ wá gé ìderí náà kúrò. Páálí náà á tẹ̀ wọ́ọ́. (Àwọn ọmọ lè ṣe é lálẹ́ yìí, ẹ kàn rí i pé páálí bàtà tuntun Màmá wọn kọ́ ni wọ́n mú.) Bí ọkọ̀ ṣe rí nìyẹn. MGA tó ṣáájú MGB ní férémù irin tirẹ̀ lábẹ́, ara ọkọ̀ kàn jókòó lé e ni. MGB kò ní irú férémù bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ náà ni egungun rẹ̀. Nínú ọkọ̀ olórùlé, òrùlé á ran iwájú àti ẹ̀yìn lọ́wọ́ láti di ara wọn mú. Níbi tí kò bá ti sí òrùlé, irin gbọọrọ méjì tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, láti ẹ̀yìn taya iwájú dé iwájú taya ẹ̀yìn, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Inú irin yìí ṣófo bí àpótí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì fi irin mìíràn dá a láàárín. Ojú kò lè rí inú rẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni omi ń wọ̀. Taya iwájú á máa ta ẹrẹ̀ sí i lẹ́yìn, ẹrẹ̀ á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rinrin. Ní ìgbà òtútù, iyọ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń dà sójú títì kí yìnyín má baà mú kó yọ̀, iyọ̀ àti irin kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní etí òkun Èkó mọ bí ọkọ̀ ṣe ń dógùn-ún níbẹ̀, nígbà tí irú rẹ̀ kan náà tó dàgbà jù ú lọ ṣì ń dán ní Kano. Ìpáàrà ni Bíbélì Yorùbá pe ohun tó ń jẹ irin yìí. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ n kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu mẹkáníìkì. Wọ́n á kàn sọ pé ó ti dógùn-ún ni. Inú ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ọ̀dà wú díẹ̀ níta, irin inú lè ti di ìyẹ̀fun.

Iṣẹ́ ńlá ni kéèyàn tún ibẹ̀ ṣe dáadáa. Wọ́n á kọ́kọ́ fi igi tàbí irin ti ara ọkọ̀ náà kó má baà tẹ̀, wọ́n á gé irin tó ti jẹrà kúrò ní ìpele-ìpele, gígé náà á sì máa wọ abẹ́ ara ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí wẹ́dà tó wá jó tuntun pọ̀ síbẹ̀. Ọ̀nà àbùjá wà. Èèyàn lè fi irin tuntun tín-ín-rín kan bo irin tó ti jẹrà, kó fi fílà dí ojú rẹ̀, kó fi yanrìn yọ́ ọ, kó sì kùn ún. (Fílà tí àwọn pánẹ́ẹ̀bítà ń lò àti fìlà tí Bàbá ń dé kò ní ohùn kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: ẹ kò ní mọ ohun tó wà lábẹ́ wọn.) Nínú fọ́tò, ọkọ̀ méjèèjì á pupa dáadáa.

Ẹ padà sínú ìpolówó náà báyìí pẹ̀lú ìbéèrè ìyá yẹn. Tún kí ni ṣe? Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ó dára, ohun tí “kò bẹ̀rù epo tí kò ní òjé” túmọ̀ sí ni pé wọ́n ti fi irin líle sídìí àwọn fáàfù, nítorí wọ́n ti fi òpin sí títa epo olójé káàkiri ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí 1999 parí, òjé yẹn ló sì ń dáàbò bo ìdí fáàfù àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Wọ́n tún ìjókòó ṣe. Wọ́n pààrọ̀ tapólì. Wọ́n ha ọ̀dà dé irin, èyí tó dára ju kí wọ́n kun tuntun lé àtijọ́, àmọ́ awọ òde ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀ nípa irin abẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn tó ti tún ibẹ̀ ṣe kì í gbàgbé láti sọ ọ́, nítorí ibẹ̀ ni owó wọn lọ.

Mo kọ ìbéèrè díẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Èyí tó rọrùn jù kò ná an ní kọ́bọ̀: kó tẹ nọ́ḿbà ọkọ̀ náà sórí ojú ewé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń wo àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ọdọọdún, tí wọ́n ń pè ní MOT. Ó rí i pé ìgbà tí wọ́n ti yẹ ọkọ̀ náà wò kẹ́yìn ni 2017, àti pé olùyẹ̀wò kọ ọ́ síbẹ̀ pé irin abẹ́ ilẹ̀kùn òsì ti ń dógùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, dákẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé láti oṣù Karùn-ún 2018, ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún níbẹ̀, tí wọn kò bá ti yí i padà jù, kò pọn dandan kó máa lọ fún àyẹ̀wò náà mọ́. Wọn kì í gba owó orí ọkọ̀ lọ́wọ́ onítọ̀hún pẹ̀lú. Àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ń yọ̀ sí i, mo sì lóye wọn, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ rà ni pé ọkọ̀ lè lo ọdún mẹ́jọ láìsí ẹlòmíràn tó wo abẹ́ rẹ̀ ju ẹni tó fẹ́ tà á lọ.

Ìbéèrè mìíràn ni ibi tí ọkọ̀ náà gbé ìgbésí ayé rẹ̀. Èyí á pa yín lẹ́rìn-ín. Nítorí pé Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ MGB lọ, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti ń lọ kó wọn bọ̀ láti ibi gbígbẹ bíi California, wọ́n á yí ọwọ́ ìwakọ̀ padà sí ọ̀tún, wọ́n á sì máa polówó rẹ̀ pé kò dógùn-ún. Tòkunbọ̀ ni! Orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí a wá fún ọkọ̀ àlòkù tó bá ti Cotonou tàbí Èkó wọlé, bá ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Abingdon mu nílẹ̀ Abingdon. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ tó wà ní Gaydon ní ìwé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, wọ́n sì máa ń gbowó fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọkọ̀ kan, àwọ̀ tó ní nígbà náà, àti ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí. Ti ọkọ̀ pupa yìí, ẹni tó fẹ́ tà á ní ìwé náà lọ́wọ́: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wà látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún mélòó kan nínú iyọ̀ nìyẹn.

Ọmọ náà kò torí èyí sinmi, n kò sì dá a lẹ́bi. Ó ní òun ti rí ọkọ̀ náà lójú àlá láti ìgbà tí òun wà ní JSS. Ó bá ẹgbẹ́ àwọn tó ni MG sọ̀rọ̀, àgbàlagbà kan nínú wọn sì tẹ̀ lé e lọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Baba yìí kò ṣí ẹ́ńjìnnì wò rárá fún wákàtí àkọ́kọ́. Àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ lẹ́yìn ló kọ́kọ́ wò, bóyá ó dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá fún lókè, ìbàdí ọkọ̀ ti ń wọlẹ̀ nìyẹn. Ó fi aṣọ pẹlẹbẹ wé òòfà kékeré kan kó má baà ha ọ̀dà, ó ń fi í kan irin lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn taya iwájú lápá òsì, òòfà já bọ́. Òòfà kì í di fílà mú.

Lẹ́yìn náà ló ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ jọ̀ọ́ bá àwọn gbé jáàkì síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Wọ́n gbé apá ọ̀tún sókè, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ó ṣí. Wọ́n tì í, ó padé. Wọ́n gbé apá òsì sókè. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ara ọkọ̀ ti tẹ̀ mọ́ ọn, bíi páálí bàtà yẹn gẹ́lẹ́.

Ọmọ náà ní ẹni tó fẹ́ tà á kò bínú. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní bí òun náà ṣe rà á nìyẹn lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n sọ fún òun pé wọ́n ti tún un ṣe, òun sì wá tún ẹ́ńjìnnì, ìjókòó àti ọ̀dà ṣe lé e lórí. Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kan ló rà pẹ̀lú ọkọ̀ náà, ó sì ń tà á bó ṣe rà á. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó yí ìpolówó náà padà, ọmọ náà sì fi ránṣẹ́ sí mi: “A ti tún ẹ́ńjìnnì, ìjókòó àti ọ̀dà rẹ̀ ṣe. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn òsì ń fẹ́ iṣẹ́. £9,750.” Gẹ̀ẹ́sì tó jíire.

Ó kù ọ̀rọ̀ owó, nítorí òun ni Bàbá ń dúró dè. Èmi kò gbà pé wèrè ni. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó lè fẹ́ nǹkan kan tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún un pé owó tó fi ra MGB á máa bí sí i bí owó orí ilẹ̀ kò bá a sọ òótọ́. Ohun tí wọ́n ṣe tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Àǹfààní tó wà nínú pípọ̀ yẹn ni pé kò sí ohun tí ẹ kò lè rí rà fún un. Láti 1988 ni ilé-iṣẹ́ British Motor Heritage ti ń fi àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tẹ odindi ara MGB tuntun jáde. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ní owó náà, ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé sínú irú ara tuntun bẹ́ẹ̀ ni mo máa wá, tó ní rìsíìtì rẹ̀ nílẹ̀, bí ọ̀dà rẹ̀ tilẹ̀ ti ṣá. Ọ̀dà rọrùn.

Kò yẹ kó gbàgbé pé lẹ́yìn tí èèyàn bá rà á, owó ṣì ń lọ. Epo tó wọ́pọ̀ ní ilé epo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti oṣù Kẹsàn-án 2021 ní ẹtánólì nínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì bá rọ́bà àti kabúrétọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ lára mu. Èyí tó wọ́n jù ú lọ ló máa máa rà. Ìbánigbófò ọkọ̀ àtijọ́ kì í sábà wọ́n, bí wọ́n bá ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí ọkọ̀ náà tó kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ó nílò ibi tí òjò kò ti ní máa pa á, inú fúláàtì onípele kẹta sì ni wọ́n ń gbé. Ìwé ọkọ̀ tí ìjọba ń fúnni níbẹ̀ pàápàá, wọ́n kọ ọ́ sí i lára gbangba pé kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni ọkọ̀. Rìsíìtì ni kó gbà kó tó sanwó.

Bàbá náà ti rọ̀ díẹ̀, wọ́n tilẹ̀ bèèrè bóyá wọ́n lè gbé e wá sí Kano tó bá yá, kí àwọn máa fi lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Kò ṣeé ṣe. Ọkọ̀ àlòkù tó ti dàgbà jù wà nínú àwọn ohun tí aṣọ́bodè wa kì í jẹ́ kó wọlé, 1967 sì ti kọjá ààlà náà tipẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì ti ń wà á, bẹ́ẹ̀ ọdún 1972 la ti kó lọ sí apá ọ̀tún títì. Ẹ má sì jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọyẹ́ àti eruku nínú ọkọ̀ tí kò lórùlé.

Ìbéèrè Màmá nìkan ni mi ò rí ìdáhùn sí nínú ìwé kankan: “Níbo ni ọmọ ọmọ mi máa jókòó?” Ìjókòó méjì ló wà. Bí bàbá bá gbé ọmọ, ìyá á dúró sílé. Bí ìyá bá wọlé, ta ló kù pẹ̀lú ọmọ? Mo sọ fún ọmọ wọn pé láti 1965 ni wọ́n ti ń ṣe MGB GT, ọkọ̀ náà kan náà pẹ̀lú òrùlé, tó ní ìjókòó kékeré lẹ́yìn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ lè de bẹ́líìtì sí fún ọmọdé, tí owó rẹ̀ sì sábà máa ń dín sí ti aláìlórùlé. Òrùlé náà á sì ran irin abẹ́ ilẹ̀kùn lọ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dáadáa. Ó ní òun á rò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ olórùlé lòun rí lójú àlá. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ ti lọ wo ilé kan lọ́jọ́ Sátidé yẹn kan náà, ó sì ní ibi ìgbọ́kọ̀sí.